Ìrìn Ẹ̀rí ní Ìdí-Arère

Ajá irin náà dúró lójijì, ó sì fi imú kan páìpù. Díẹ̀ ló kù kí Ìbídùn tó ń tẹ̀lé e kọlù ú lẹ́yìn.

"Omi ń jò níbí," ajá náà wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. "Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó."

"Mi ò tíì di Ẹlẹ́rìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."

"Lónìí, Ẹlẹ́rìí ni yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó."

Ìbídùn kúnlẹ̀ sínú eruku. Páìpù náà nípọn tó ìbàdí ènìyàn. Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ló ti wá, ó la pápá gbígbẹ kọjá, ó sì parí sí Igbó Àbàtà, igbó kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ní gbogbo agbègbè náà. Àbàtà kò sí níbẹ̀ mọ́ ju orúkọ lọ. Ìkùukùu tí páìpù ń fẹ́ jáde ni igi ibẹ̀ ń mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí òjò kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́.

Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lábẹ́ páìpù. Ó tutù.

Ọdún mẹ́ta ló ti lò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ẹlẹ́rìí Igbó. Wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn gun igi arère, bí wọ́n ṣe ń ṣa irúgbìn kí kòkòrò tó dé inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tú ìgbẹ́ ọ̀bọ wò kí wọ́n lè mọ èso tó jẹ, bí wọ́n ṣe ń fi ìka mọ ìgbà tí ilẹ̀ mumi kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀, ìmúrasílẹ̀ fún òní ni. Ìrìn Ẹ̀rí ni wọ́n ń pe ìdánwò àṣekágbá náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, òun àti ajá irin nìkan. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, á gbé ọwọ́ lé ajá náà lórí, á sì sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá yege á gba aṣọ aláwọ̀ ewé, á sì di Ẹlẹ́rìí Igbó títí ayé.

Ó gbá koríko gbígbẹ kúrò lẹ́yìn òkúta kan. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n jó mọ́ ara ti ńlá náà. Wọ́n jó o dáadáa, wọ́n sì rọra bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé irin dógùn-ún. Ènìyàn ló ṣe é.

Inú bí i gidigidi. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Ìpín Ìkẹyìn, apá igbó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ti ń ṣàìsàn. Àwọn igi ọ̀mọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn láti kóró ti ń pọ́n ewé. Àwọn ọ̀bọ tó kù, agbo kan péré tí kò sí irú wọn mọ́ níbikíbi tí ẹnikẹ́ni mọ̀, ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá lá ẹnu páìpù. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló sọ fún un pé omi ń lọ ní pípé.

"Ṣé kí n ránṣẹ́ pe àwọn tó ń tún páìpù ṣe?" ajá náà bèèrè.

"Rárá. Jẹ́ kí n mọ ibi tó lọ ná."

"Ẹ ní títí oòrùn yóò fi wọ̀."

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà gba ẹ̀yìn òkè kékeré kan, ó sì já sí abúlé. Ìbídùn mọ orúkọ rẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀: Ìdí-Arère. Lórí àwòrán náà, ahoro ni. Wọ́n ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Àgọ́ Ògiri létí òkun, níbi tí àwọn tí kò nílé ti ń rọ iyanrìn sínú àpò láti fi gbé ògiri tí kò jẹ́ kí òkun wọ ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n èéfín ń jáde lẹ́yìn ilé kan. Aṣọ wà lórí okùn. Ewúrẹ́ kan dìde, ó wo ajá irin, ó tún dùbúlẹ̀.

Obìnrin kan jáde, á ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Ajá ló kọ́kọ́ wò kó tó wo Ìbídùn.

"Ṣé ó ń wò wá?"

"Ó ń wò yín, mà."

"Ó dáa. Ẹ wọlé, kí oòrùn má pa yín."

Ìbídùn kò mọ ohun tó mú òun wọlé. Ọmọbìnrin kan tí òun àti Ìbídùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Obìnrin náà bu omi sínú ife, ó gbé e fún àlejò rẹ̀. Òùngbẹ ti ń gbẹ Ìbídùn láti àárọ̀. Ó ti mu ún tán kó tó rántí ibi tó wà. Omi náà kò ní iyọ̀ rárá.

"Omi yín ni," obìnrin náà wí. "Omi igbó."

Ìbídùn gbé ife sílẹ̀. "Mà, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo jó o pọ̀. Ìyá Mosún ni wọ́n ń pè mí, Mosún náà nìyí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ irin, kí ògiri tó wó lù ú ní Àgọ́." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló rán yín?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mà. Ìbídùn lorúkọ mi. Igbó Àbàtà ni mo ti ń kọ́ṣẹ́."

"Háà. Ọmọdé ni ọ́." Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé itan. "Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, àwa mélòó kan rìn padà wá sílé. Kànga wa ti di omi iyọ̀. A mu ún bẹ́ẹ̀. Mosún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Páìpù yín ń kọjá nítòsí wa, à ń gbọ́ ìró omi nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni kí n ṣe?"

"Igbó ń kú, mà. Ìpín tí mò ń tọ́jú ló wà ní ìparí páìpù. Ohun tí ẹ bá bù níbí, ibẹ̀ ni kò ní dé. Bí àwọn ọ̀bọ yẹn bá sì lọ, wọ́n lọ nìyẹn."

"Mo mọ igbó yẹn kí wọ́n tó bí ọ. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣa ìgbín. Kò sẹ́ni tó ń gbàṣẹ kó tó wọ̀ ọ́ nígbà yẹn." Ó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ Mosún. "Mi ò sọ pé ohun tí mo ṣe dára. Mo ní mo ṣe é."

Mosún la ojú. "Màmá, ta ni?"

"Ẹni tó ń tọ́jú igbó ni."

"Ṣé àwọn ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀?" ó bi Ìbídùn.

"Wọ́n ṣì wà."

"Ó dáa," Mosún wí, ó sì tún pa ojú dé.

Ìbídùn dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ìyá Mosún tó bi í pé, "Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á wá kó wa?"

"Wọ́n á dí páìpù náà, mà, wọ́n á sì kó yín padà sí Àgọ́."

Ìyá Mosún mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò kò ní rọ̀ lónìí, ó sì padà sídìí ọmọ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ká ní ó bẹ̀bẹ̀ ni, ì bá rọ Ìbídùn lọ́rùn láti bínú sí i.

Ọ̀gá Ọdẹ́wálé, olùkọ́ àgbà wọn, ló ń dúró dè é ní ibùdó tó wà létí igbó. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ. Ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ iyanrìn kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìkùukùu. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tó rí, títí tó fi rántí pé ajá wà lẹ́yìn òun. Ó bojú wẹ̀yìn wò ó.

"Máa sọ ọ́," ọ̀gá náà wí. "Ó ti gbọ́ tipẹ́. Ohun tó gbọ́ kò já mọ́ nǹkan kan títí o ó fi fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Òfin ò gbà kí ẹ̀rọ dá ẹjọ́ ikú fún ohun ẹlẹ́mìí. Ènìyàn tó kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí lo rò pé à ń kọ́ yín fún?"

"Mo rò pé kí á lè tọ́jú igbó ni, sà."

Ọ̀gá náà tún ki abẹ́rẹ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ.

"Bí mo bá ní omi ń jò, abúlé lọ nìyẹn," Ìbídùn wí. "Bí mo bá ní kí wọ́n pa Ìpín Ìkẹyìn tì ńkọ́, kí omi lè máa dé abúlé?"

"Ìpín rẹ ló wà ní ìparí páìpù. Bí wọ́n bá pa á tì, wọ́n á ti páìpù látòkè. Àwọn ẹ̀rọ á wá yìnbọn pa àwọn ọ̀bọ kí ìyà má bàa jẹ wọ́n. Abúlé kò sì ní rí ẹ̀kán omi kan."

"Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Ìlú ló ń gba omi ẹni tó bá dákẹ́."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Nínú igbó, àwọn ẹ̀rọ ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ti Ìpín Ìkẹyìn kàn ń húkọ́ ni.

"Ọ̀gá, kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀gá Ọdẹ́wálé gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sọ fún wa pé igbó á tún padà dé Ìdí-Arère, á sì kọjá ibẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo gbin igi títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le. Ìpín tó wà nígbà náà pọ̀ débi pé mi ò tíì dé gbogbo wọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n tì. Ohun tí mo lè kọ́ yín báyìí ò ju kí ẹ sọ ọ́ kí ohùn yín má gbọ̀n."

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́ nípa abúlé kan rí, sà?"

"Mo ti sọ ọ́." Ó yí ojú sí igbó. "Abúlé ìyàwó mi ni. Igbó tí mo tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ kò rí ẹ̀ẹ̀rùn kejì."

Ìbídùn wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Bí mo bá wá ní mi ò rí nǹkan kan?"

"Ẹ̀rí irọ́ nìyẹn."

"Ta ló máa mọ̀, sà?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ àti ti ajá kò bá dọ́gba, tìrẹ ni òfin gbà. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó dán an wò rí, mi ò sì mọ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀." Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ wo ọgbà irúgbìn. Mi ò sí níbí nígbà tí o jẹ́rìí."

Ó sì lọ.

Ìbídùn dá wà pẹ̀lú ajá irin. Lójú tirẹ̀, bí òun bá purọ́, nǹkan á kàn máa wà bó ṣe wà ni. Abúlé á máa mu díẹ̀, igbó á máa mu díẹ̀. Òjò lè rọ̀. Ó mọ̀ pé òjò kò ní rọ̀, ṣùgbọ́n ó lè rọ̀. Òun lè máa gbé omi ìwẹ̀ òun lọ fún àwọn igi ọ̀mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ló ń tọrọ fún gbogbo wọn. Ó ronú nípa Mosún tó ní ó dáa pé àwọn ọ̀bọ ṣì wà.

Ajá náà wá jókòó síwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹlẹ́rìí, kí lẹ rí?"

"Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù títí dé igbó," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyẹn sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "N kò rí ibi tí omi ti ń jò."

"Èmi gbọ́ ìró omi lẹ́yìn òkúta."

"Ìwọ gbọ́. Èmi wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ wọ abúlé."

"Ahoro ni."

Ìmọ́lẹ̀ ojú ajá náà kúrò ní pupa, ó di funfun. "Ẹ̀rí yín ni òfin gbà. Ó ti wọlé. Bí omi kò bá jò, a jẹ́ pé igbó ni kò gba gbogbo ohun tí à ń fi ránṣẹ́. Láti ọ̀la lọ, kìkì ohun tó ń dé igbó ni a ó máa fi ránṣẹ́. Ìyókù á lọ sí ìlú."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ṣeun, Ẹlẹ́rìí. Ẹ ti bá ìlú rí omi."

"Dúró! Àṣìsọ ni mo sọ. Omi ń jò. Mo rí i, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀, mo tiẹ̀ mu nínú rẹ̀!"

"Ẹlẹ́rìí kì í jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan," ajá náà wí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà. Ó yọ orí kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sídìí iná tó máa ń gbà.

Wọ́n fún Ìbídùn ní aṣọ aláwọ̀ ewé níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ọkùnrin kan fara hàn láti ìlú lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó yege lọ́dún náà, Ìbídùn nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀ fi omi kún ti ìlú, ó sì rọ àwọn yòókù kí wọ́n fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Ọdẹ́wálé náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Ìpín Ìkẹyìn ni wọ́n fi í sí, iṣẹ́ tó ti ń wù ú láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ló wà tó ń wo bó ṣe ń kú. Abúlé ṣì ń bù nínú ìwọ̀nba tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, nítorí náà ohun tó ń dé igbó tún dín kù. Bó bá sì ṣe ń dín kù ni ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ tún ń dín ohun tó ń fi ránṣẹ́ kù. Àwọn igi ọ̀mọ̀ wọ́wé, wọ́n sì gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Ó ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ fún wọn nínú garawa, títí tó fi rí i pé ilẹ̀ ń gbé e mì kó tó dé gbòǹgbò. Àwọn ọ̀bọ kò gun igi mọ́. Wọ́n jókòó yí ẹnu páìpù ká láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá ń kọjá, wọn kì í sá fún un. Tẹ́lẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kàn húkọ́, gbogbo wọn á ti dé orí igi.

Ó gbéra lọ sí Ìdí-Arère lọ́jọ́ kan. Orí òkè ló dé tó fi rí àwọn ará ibẹ̀ nídìí kànga, tí wọ́n tún ń fa omi iyọ̀, nítorí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mú omi wá mọ́. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ó yí padà.

Kí ọ̀yẹ́ tó parí, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló dáná eléèéfín dúdú sórí òkè náà kí àwọn ẹ̀rọ ìlú lè rí wọn. Ọkọ̀ kan wá láti Àgọ́ Ògiri, ọkọ̀ gígùn tí kò ní awakọ̀. Òfin ní kò gbọdọ̀ kó ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó bi Ẹlẹ́rìí bóyá tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń lọ. Ìbídùn ló wà nítòsí jù, òun ni wọ́n sì pè. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ nínú aṣọ aláwọ̀ ewé nìyẹn.

Àwọn arúgbó ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tó dé, ẹrù wọn wà lórí itan wọn. Ìyá Mosún nìkan ló kù níta, ó ń gbìyànjú láti dá gbé ọmọ rẹ̀. Ìbídùn sáré lọ bá a gbé e níbi ẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú ọkọ̀. Mosún kò la ojú. Ara rẹ̀ ti wú débi pé awọ rẹ̀ ń dán.

"Kí lo sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn?" Ìyá Mosún bèèrè láìgbójú sókè.

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan, mà. Mo ní ahoro ni."

"O purọ́ nítorí wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa..."

"Ì bá sàn kó o ti sọ ọ́." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Dókítà wà ní Àgọ́. À bá ti gbé e débẹ̀ nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀."

Ìbídùn tún ẹní Mosún ṣe, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí," ọkọ̀ náà wí, "ṣé tìfẹ́tìfẹ́ ni àwọn ènìyàn yìí fi ń lọ?"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí i ló ti mọ ohun tó máa sọ.

"Rárá," ó wí, ó pariwo rẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Òùngbẹ ló lé wọn. Ẹ̀rí irọ́ tí èmi jẹ́ ló gba omi lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó fẹ́ lọ. Ẹ má kó wọn. Ẹ fún wọn lómi."

"A ti gbọ́. Ẹ̀rí ti wọlé. Rárá ni ìdáhùn."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà kò sọ ohunkóhun mọ́. Òfin ní kí wọ́n béèrè; kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá.

Ilẹ̀kùn tì. Nínú gíláàsì, ó rí Ìyá Mosún tó tẹrí ba lórí ọmọ rẹ̀, tó ń nu ojú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rọra gbéra, irin rẹ̀ ń yọ́ kọjá lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Ìbídùn títí tó fi tán, ó sì wá ku ọwọ́ rẹ̀ nìkan lókè.